Ìdágbére Kẹsàn-án Gáàdì

Ọjọ́ Àìkú, 17 Díṣẹ́ńbà 1978

Kí ló ń mú kí ènìyàn máa dágbére lọ́dọọdún, kó má sì lọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún. Ọyẹ́ ń fẹ́ lójú fèrèsé, iná àtùpà ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Mo dìde, mo mú ìwé yìí.

Láàárọ̀ ni Gáàdì pè mí sí yàrá rẹ̀. Bàbá mi ni Gáàdì. Obadiah ni orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe gáàdì rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ibí yìí nìkan náà ni mo ti ń pe bàbá mi ní "ó." Bó bá kà á, mo gbé.

Ó ní, "Àpèkẹ́, kọ̀wé sáwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ fún wọn pé Kérésì tí mo máa ṣe kẹ́yìn ní Kano nìyí. Ilé yá. Ọ̀fà ni mo máa kú sí."

Kérésì tó kọjá, òun ló kẹ́yìn. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, bákan náà. Mo kà á lórí ìka: mẹ́jọ. Ìkẹsàn-án ló ń bọ̀ yìí. Ọdún mẹ́jọ tí gbogbo ẹbí ti ń kóra jọ láti sìn ín sọ́nà, tí mo ń se ìrẹsì, tí mo ń fọ àwo, tí Pásítọ̀ Ọlọ́runyọmí ń gbàdúrà fún ìrìn àjò. Ṣé Ọlọ́run kì í bi pásítọ̀ léèrè pé ìrìn àjò wo?

Ohun tí Gáàdì kò mọ̀ ni pé mo ti kọ̀wé sí wọn ná, láti oṣù Kẹwàá. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà Ìlọrin dé ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan níbẹ̀ fẹ́ kí n wá máa bójú tó ilé ìkàwé wọn. Ilé ìkàwé! Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní a-b-d láti ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo ń kó ìwé mi sínú páálí mílíìkì lábẹ́ ibùsùn. Èsì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kó tó di ọjọ́ kẹwàá Jánúárì. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò wà pẹ̀lú Gáàdì? Ó di ọdún mẹ́wàá tí ọkọ mi kú. Mi ò bímọ. Nítorí náà, nínú ìdílé wa, èmi ni "ẹni tó ráyè." Mo bá kọ̀wé sí Bọ̀dá Charles pé bí Baba bá fẹ́ lọ sí Ọ̀fà lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká kúkú ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lọ. Ọ̀fà kò jìnnà sí Ìlọrin. Mo lè máa bẹ̀ wọ́n wò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ṣé ìyẹn burú?

Mi ò mọ̀. Ó sì ń bí mi nínú pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Díṣẹ́ńbà

Tẹligíráàmù Bọ̀dá Charles láti Kàdúná: "À ń bọ̀. Ènìyàn mẹ́jọ." Ẹní mẹ́ta ló wà nílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Díṣẹ́ńbà

Wọ́n ti dé. Ilé kún dé ilé ìwẹ̀.

Bọ̀dá Charles ló kọ́kọ́ wọlé, ẹni tí mo ń pè ní Alága. Kò tíì jókòó tó fi ní ká ṣe ìpàdé. Ìpàdé lórí kí ni? Lórí ìgbà tí a ó ṣe ìpàdé. Lẹ́yìn náà ni Sistá Evelyn dé láti Èkó, ó na ìka kan sórí pẹpẹ ìkòkò mi, ó wo ìka náà, ó sì fẹ́ ẹ. Ì bá sàn kó la ẹnu sọ ọ́. Nígbà tó di alẹ́, ó ti sọ "ní Èkó lọ́hùn-ún" ní ìgbà mẹ́tàdínlógún. Wùnmí ló ń kà á.

Wùnmí ni àkọ́bí Alága. Yunifásítì tó wà nílùú yìí ló wà, ó sì gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ. Òun pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ tò síwájú Gáàdì láti kí i. Wọ́n kúnlẹ̀ dáadáa, wọ́n dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe la ẹnu, "Baba, ina wuni?"

Gáàdì ké. "Ẹ gbọ́ o! Àwọn wọ̀nyí ló máa wá sin mí l'Ọ́fà? Hausa ni wọ́n máa fi ṣe ìdárò mi!"

Wùnmí fi Hausa dá a lóhùn pé Baba fúnra wọn, Hausa ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Màlámù Garba ló máa ń bá jiyàn lójú oorun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè, tó ń gbé igbá fura, ọkà pípò mọ́ wàrà, wá láràárọ̀ ní aago méje, tí àwọn méjèèjì á jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò títí oòrùn á fi lé wọn. Lójú ayé, Gáàdì kì í borí Garba nínú ìjiyàn. Lójú oorun, ó máa ń borí.

Ọjọ́ Ajé, 25 Díṣẹ́ńbà. Kérésì

Ó rẹ̀ mí. Ẹsẹ̀ mi wú. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Lẹ́yìn oúnjẹ, Gáàdì á wọ kóòtù rélùwéè rẹ̀. Alága, nítorí òun ni dáwódù, á wọ yàrá lọ gbé àpótí onírin dúdú tí Gáàdì ní òun di ẹrù òun sí jáde sí ẹnu ọ̀nà. Á máa kérora lábẹ́ rẹ̀: "Baba ti di ẹrù o!" Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí okùn lọ́rùn Gáàdì, kò sẹ́ni tó rí inú àpótí yẹn rí. Pásítọ̀ á gbàdúrà lé e. Lẹ́yìn náà ni Gáàdì á pín ohun ìní rẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń re ilé ṣe ń pín in. Aago rélùwéè, ti Alága. (Bí Fẹ́búárì bá dé, á kọ̀wé pé kí Alága dá a padà, pé òun ò mọ àsìkò mọ́. Aago yẹn ti rin Kano sí Kàdúná ju oníṣòwò lọ.) Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá wa, ti Sistá Evelyn, tí kò ní gbé e dé Èkó láéláé. Lẹ́yìn náà á yíjú sí mi.

"Àpèkẹ́, tìrẹ ń bọ̀."

Láti ọdún kìíní. Tèmi ń bọ̀.

Ní ìparí, á mí kanlẹ̀: "Ó ku tíkẹ́ẹ̀tì nìkan." Wọn á gbé àpótí padà sí yàrá. Ó di àmọ́dún.

Lónìí, bó ṣe ní "ó ku tíkẹ́ẹ̀tì nìkan," Alága ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀. "Baba, ẹ má ṣèyọnu mọ́. Òun nìyí. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Gbogbo wa la dá a. A ti ránṣẹ́ sí Adétúnjí, ẹbí yín l'Ọ́fà, kó kun yàrá yín."

Gáàdì gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, bó ṣe máa ń wo tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tí wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wá àléébù. Kò rí i.

"Ipò wo nìyí?"

"Ipò kìíní ni, Baba. Oníbùsùn."

"Ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an ni."

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Màlámù Garba nìkan, tó jókòó ti ògiri pẹ̀lú àwo ẹran rẹ̀, ni kò gbé ojú sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Díṣẹ́ńbà

Gáàdì kò jẹun àárọ̀. Ó ní ẹran àná ṣì wà ní ọ̀nà ọ̀fun òun.

Ọjọ́bọ̀, 28 Díṣẹ́ńbà

Ikọ́ ti dé. Ikọ́ tó máa ń wá bí Sistá Evelyn bá wọlé, tó máa ń lọ bí Garba bá wọlé. Sistá Evelyn po oyin mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Lẹ́yìn ikọ́, orí ilé ló kàn: ó ní ó ń jò, òun ò lè fi ilé tó ń jò sílẹ̀. Nínú ọyẹ́! Òjò ìkẹyìn rọ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Alága gun òkè àjà, ó fi kóòtù funfun nu gbogbo eruku ibẹ̀, ó ní kò sí ihò kankan. Lẹ́yìn orí ilé, Garba: ó ní ara Garba kò yá, ta ni yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò? Garba sì jókòó níbẹ̀, ó ń họ egungun jẹ.

Sistá àti Bọ̀dá ń dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí lọ́yà. Inú wọn dùn. Ó dà bíi pé wọ́n ń gbẹ̀san ìdágbére mẹ́jọ. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan, àfi "Àpèkẹ́, omi gbígbóná dà?"

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, ti òyìnbó, ti Yorùbá. Wọ́n kún fún àwọn tó fẹ́ lọ tí a kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Mi ò tíì bá ti ẹni tó ní òun ń lọ pàdé, tí wọ́n sì jẹ́ kó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 31 Díṣẹ́ńbà

Mo ti rí inú àpótí.

Mi ò jí kọ́kọ́rọ́. Sistá Evelyn ló ní kí n kó oògùn Baba sínú ẹrù wọn. Gáàdì wà ní ilé ìwẹ̀, ó fi okùn náà kọ́ sórí ìṣó. Mo ṣí i.

Bíríkì mẹ́fà. A fi ìwé ìròyìn wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà dún. Ìwé àkókò ọkọ̀ rélùwéè àtijọ́ tí eku ti jẹ etí rẹ̀. Àti àsíá aláwọ̀ ewé kan tí a ká bí ẹní, irú èyí tí gáàdì máa ń gbé sókè kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Kò sí ẹ̀wù. Kò sí bàtà. Àní aṣọ ìnura kan kò sí.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Alága! Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kérora lábẹ́ bíríkì! Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Mo rí i pé ìwé ìròyìn tó wé bíríkì àkọ́kọ́, ti ọdún tí màmá wa kú ni. Ọdún yẹn gan-an ni Alága àti Sistá kò wá Kérésì. Àwa méjèèjì la jẹ adìyẹ kan ṣoṣo, a kò sì jẹ ẹ́ tán. Ọdún kejì rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí dágbére. Gbogbo ẹbí sì wá.

Mo ti àpótí padà.

Àwọn kan ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, wọ́n ń retí ọdún tuntun. Mo dúró sílé. Bí mo bá sọ ohun tí mo rí, wọn á fagi lé ìrìn àjò, wọn á fi Gáàdì ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé, èmi á sì tún di ẹni tó ráyè. Bí mi ò bá sọ ọ́, ó lọ nìyẹn, ẹni tí kò fẹ́ lọ. Èsì Ìlọrin wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ti kọ ọ́. Ó ku sítáǹpù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Jánúárì 1979

Mo ṣe é. Mo kọ ọ́ síbí kó má baà jẹ́ pé mo ń parọ́ fún ìwé náà.

Nígbà tí Gáàdì wà lábẹ́ igi lọ́dọ̀ Garba, tó sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sórí ìṣó, mo yọ bíríkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo fi wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Mo lọ aṣọ rẹ̀, mo dì wọ́n: bùbá mẹ́rin, ṣòkòtò, sàlúbàtà, fìlà òtútù, oògùn. Mo fi àsíá náà sílẹ̀ síbi tó wà.

Mi ò mọ ohun tí à ń pe èyí tí mo ṣe. Ìtọ́jú ni, àbí ìlélọ?

Ọjọ́rú, 3 Jánúárì

Ní ẹnu ọ̀nà, Alága tẹ̀ kó gbé àpótí, ó ti múra ìkérora sílẹ̀. Àpótí náà fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn.

"Háà! Baba, ó mà fúyẹ́ lọ́dún yìí!"

Gáàdì na ọwọ́. Ó gba àpótí náà, ó fi ọwọ́ kan wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ló wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan: Alága, ìyàwó rẹ̀, Sistá, àwọn ọmọ. Ó wò mí kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kò kúrò.

"Ó fúyẹ́," ó ní.

A dé ibùdó ọkọ̀. Garba gba ojú fèrèsé gbé igbá fura kan fún un. Àwọn méjèèjì, tí wọn kò dákẹ́ láti ogójì ọdún, kò rí ohun kan sọ. Ọkọ̀ lọ. Sistá Evelyn sunkún, lóòótọ́ ni o. Alága wo aago rélùwéè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọkọ̀ náà lọ lásìkò.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Jánúárì

Gbogbo wọn ti lọ. Mo fi èsì Ìlọrin ránṣẹ́ láàárọ̀: mo ń bọ̀. Mo rò pé inú mi yóò dùn. Mo gbá ilé. Mo tún un gbá.

Ní aago méje, Garba gbé fura dé. Ó gbàgbé. Ó dúró láàárín àgbàlá, igbá lọ́wọ́, ó ń wo ìjókòó tó ṣófo. Mo bá a jókòó lábẹ́ igi, mo bá a mu ún. Fura kan. Mi ò fẹ́ràn fura.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Jánúárì

Tẹligíráàmù láti Ọ̀fà: "Màá dé lọ́jọ́bọ̀. Sọ fún Garba."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ mẹ́fà! Ọdún mẹ́sàn-án ìdágbére, ọjọ́ mẹ́fà l'Ọ́fà! Èmi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìlọrin nítorí rẹ̀, òun ń gòkè bọ̀ wá sí Kano. Mo ju àwo kan mọ́lẹ̀. Àwo tí Sistá Evelyn mú wá láti Èkó ni, kò tiẹ̀ fọ́.

Ọjọ́bọ̀, 11 Jánúárì

Ó dé. Ó rù díẹ̀. Ó gbé àpótí náà fúnra rẹ̀ wọlé, ó sì bọ́ bàtà.

Mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ láti ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ tó gbóná. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Mo dé ọjà," ó ní, "mo kí obìnrin kan, 'sannu' ló jáde lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè mí ní Baba Gàmbàrí. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Mo béèrè Adékọ̀yà. Wọ́n ní ó ti kú. Mo béèrè Adétúnbọ̀. Wọ́n mú mi dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi sàréè hàn mí. Mo béèrè Oyèwùmí, tí a jọ jí máńgòrò nígbà èwe. Sàréè. Àpèkẹ́, lọ́jọ́ kẹrin, mo dẹ́kun ìbéèrè. Nígbà tí mo ń bọ̀, kò sí ẹni tí mo lè dágbére fún àfi ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì."

Mo ní, "Baba, iṣẹ́ kan—"

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Àpótí ni. Ẹni tó yọ bíríkì mi, ó ní ibi tó ń lọ." Ó gbé fìlà òtútù kúrò lórí. "Gbogbo ọ̀nà títí dé Zaria ni mo fi ń bínú sí ọ. Láti Zaria dé Kàdúná, mo ń rò ó. Nígbà tí a ré Jẹ́bà kọjá, mo ní, ọmọ yìí ti ń sìn mí sọ́nà láti ọdún mẹ́sàn-án. Ta ló sin òun sọ́nà rí?"

Mo lọ gbé omi gbígbóná sí ilé ìwẹ̀ fún un.

Ó ké láti ilé ìwẹ̀: "Kọ̀wé sí Charles! Kó dá aago mi padà!"

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Jánúárì

Wùnmí kó ẹrù rẹ̀ láti họ́sítẹ́ẹ̀lì wá sí yàrá mi. Yóò máa gbé pẹ̀lú Gáàdì. "Àǹtí, kar ki damu," ó ní, kí n má ṣèyọnu. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà. Mo kọ ọ́ sórí ìwé fún un, láti orí mímú òkúta kúrò.

Ọjọ́ Ajé, 15 Jánúárì. Ìlọrin

Mi ò sùn. Yàrá tuntun, ibùsùn tó ń dún. Lánàá mo dúró níwájú ẹni tó ń ta búrẹ́dì, mo fẹ́ béèrè iye rẹ̀, "Nawa ne?" ló jáde lẹ́nu mi. Ó wò mí tìyanu-tìyanu: "Ará Òkè Ọya ni yín, mà?" Mo rẹ́rìn-ín lọ́nà títí mo fi délé.

Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Garba wá sí ibùdó ọkọ̀. Wùnmí ru páálí ìwé mi. Bàbá mi wọ kóòtù rélùwéè, ó ń pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn: ẹ má ṣù jọ sójú kan, ẹ kúrò lẹ́bàá ojú irin, Àpèkẹ́, mú apá rẹ wọlé. Omijé bò mí lójú, ó sì ń bi mí bóyá mo mú ìyọ̀.

Lẹ́yìn náà, ó tọ gáàdì ọkọ̀ náà lọ, ọmọdékùnrin tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà fún un, ó sì sún sẹ́yìn. Bàbá mi tú àsíá tó wà lábíyá rẹ̀. Ó ti ṣá, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí ewé àná. Ó gbé e sókè.

Ọkọ̀ gbéra.

"Àpèkẹ́!" ó ké. "Tìrẹ nìyẹn!"

Mo rò pé ó fẹ́ ju nǹkan kan sí mi. Mo na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Kò ju nǹkan kan. Ó kàn gbé àsíá náà dúró gangan, apá rẹ̀ kò gbọ̀n, Garba di ìgúnpá rẹ̀ mú, títí tí mi ò fi rí wọn mọ́. A ti dé Zaria kí n tó mọ̀ pé tèmi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Aago mẹ́fà ti kọjá. Garba ti ń po fura báyìí. Ẹ̀wà ti ń jóná mọ́ Wùnmí lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń pè mí fún omi gbígbóná. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí ilé ìkàwé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ mi.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa àtùpà.